Àwọn Ọmọ Wa Níbi Ìnáwó: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Wọn?

Wáàsí Jímọ̀ tí ó ṣáájú Ìléyá, láti ẹnu igbákejì lèmọ́mù, Ọjà-Ọ̀dàn

KUTUBÁ KÌN-ÍN-NÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá wa nígbà tí a kò tíì jẹ́ nǹkan kan, tí ó sì fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé wa. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànwọ́ Rẹ̀, à ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhù nìkan ṣoṣo, kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú iṣẹ́ rere títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a gba ara wa níyànjú, a sì gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nínú ọ̀rọ̀ ńlá àti nínú ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹnìkan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé: kí ni ó kan aáfà nípa eré ọmọdé níbi ìnáwó? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ìléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta yóò wálé. Àwọn ẹbí wa tí ó wà ní òdìkejì ibodè, ní Pọ́bẹ̀ àti Kétu, yóò wá bá wa jẹ ẹran. Lẹ́yìn Ìléyá, ìkómọ, nìkáhù àti wòlímà yóò máa tẹ̀lé ara wọn. A ti ń ka àgbò, a ti ń ka àpò ìrẹsì, a ti ń ka àga àti kánópì. Ìbéèrè wa lónìí ni pé: ta ni ó ti ka àwọn ọmọ?

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ẹlòmíràn ni à ń bá wí, ara wa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè wá síbi ìkómọ kan. Ìnáwó náà dára, ènìyàn sì pọ̀. Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ kánópì, àwọn ìyá wà nídìí ìkòkò, àwọn ọmọdé sì kún iwájú wa. Bí a ṣe gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti ṣe wáàsí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ọ̀rá omi ju ara wọn, tí wọ́n ń sáré yí ẹsẹ̀ àwọn àgbà ká. Inú bí wa. A wí sínú ẹ̀rọ náà pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lé àwọn ọmọ wọ̀nyí kúrò níbí. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa mọ́.” Àwọn géńdé méjì dìde, wọ́n lé wọn. Ibẹ̀ rọ́rọ́, ó dákẹ́. A sì ṣe wáàsí gígùn. Ẹ̀yin ará wa, àkọlé wáàsí ọjọ́ náà ni ẹ̀tọ́ ọmọ lórí òbí.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ìyá kan tí ó ti Pọ́bẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó rò pé ó wà lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Baba rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá àgbà rò pé ó wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n, nítorí ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ dé ìlú wa. Oúnjẹ tutù lórí tábìlì. Àwọn kan sáré lọ wo inú kànga, àwọn kan lọ sí ojú títì níbi tí ọ̀kadà ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi lé àwọn ọmọ náà ni a tún gbé, a fi ń pe orúkọ rẹ̀.

Ó tó wákàtí kan kí a tó rí i. Ó wà létí kòtò kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti máa ń wa erùpẹ̀ pupa, tí òjò sì ti kún. Òun àti ọmọ méjì mìíràn ń ju òkúta sí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti oko bọ̀, ẹrù igi lórí, ni ó rí wọn, tí ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tí ó fà wọ́n lọ́wọ́ bọ̀ wálé. Ẹsẹ̀ kan péré ni ó kù kí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ọlọ́hun ni ó kó o yọ. Kì í ṣe ọgbọ́n wa. Ìyá ọmọ náà kò bá wa wí. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Aáfà, ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà.” Ìdúpẹ́ náà wúwo ní ọrùn wa ju èébú lọ.

A dé ilé, oorun kò kùn wá. A ṣí Súrà Yúsúfù, a kà á láti ẹsẹ̀ 11 títí dé ẹsẹ̀ 18. Láti ilé kéwú ni a ti ń ka súrà yìí, a sì ti kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, lóru ọjọ́ náà, a rí ohun tí a kò fiyè sí rí nínú rẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n Yúsúfù wá bá baba wọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí Yúsúfù bá àwọn lọ ní ọjọ́ kejì, kí ó lọ gbádùn ara rẹ̀, kí ó sì ṣeré. Wọ́n ní àwọn yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹ wo bí Ànábì Yaakub ṣe dá wọn lóhùn. Ànábì Ọlọ́hun ni, baba arúgbó ni, ṣùgbọ́n kò sọ pé eré kò dára. Kò sọ pé ọmọ ilé ànábì kò gbọdọ̀ ṣeré. Ohun tí ó sọ ni pé lílọ ọmọ náà yóò bà á nínú jẹ́, àti pé ẹ̀rù ń bà á kí ìkookò má baà pa á jẹ nígbà tí àwọn kò bá fiyè sí i. Ìkookò wà nínú igbó ní ìgbà gbogbo. Yaakub mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó fi kádìí ìdáhùn rẹ̀ ni àìfiyèsí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn ọmọ náà padà dé pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n ní àwọn lọ ń sáré ìje, àwọn fi Yúsúfù sílẹ̀ ti ẹrù àwọn, ni ìkookò bá pa á jẹ. Irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú irọ́ tí wọ́n yàn. Wọ́n wá àwáwí tí ó jọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, tí etí lè gbà: pé àwọn àgbà lọ ṣe eré tiwọn, wọ́n fi ọmọ kékeré ti ẹrù. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ohun tí ó jẹ́ irọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yaakub ti di òótọ́ níbi ìnáwó wa. Ìyá lọ jó, baba lọ kí àlejò, ẹ̀gbọ́n lọ ya fọ́tò, ọmọ ọdún mẹ́rin sì jókòó ti báàgì àti bàtà. Bí ó bá sunkún, a ó na fóònù sí i. Bí fóònù bá kú, yóò dìde, yóò sì máa lọ.

Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìlú ọjà ni ìlú wa. A mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkómọ náà, àgbà pọ̀ lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Kí ni ó fà á? Àwọn àgbà kan náà ni ó tún sọ pé ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á kú. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń ṣọ́ ọmọ, kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti fi yé wa pé darandaran ni olúkúlùkù wa, àti pé a ó bi olúkúlùkù léèrè nípa ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Darandaran kì í sọ fún ẹni tí ó ni ẹran pé àwọn kan wà nítòsí tí òun rò pé wọ́n ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí Ànábì wa ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọmọdé níbi tí àwọn àgbà péjọ sí, nítorí òun ni àwòkọ́ṣe wa.

Àwa lé ọmọ kúrò níbi wáàsí. Òun gbé Umāmah, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà tí ó ń kírun níwájú àwọn ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ foríkanlẹ̀, a gbé e kalẹ̀. Bí ó bá dìde, a tún gbé e. Abū Qatādah ni ó gba hádíìsì náà wá, ó sì wà nínú Bukhārī àti Muslim. Ní ọjọ́ mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ó foríkanlẹ̀. Ìforíkanlẹ̀ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ fi rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ọmọ òun ni ó gun òun, òun kò sì fẹ́ kán an lójú kí ó tó ṣeré tẹ́rùn. Bí ó bá sì gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, a máa gé ìrun rẹ̀ kúrú nítorí àánú ìyá ọmọ náà. Bí ìrun bá ṣeé gé kúrú nítorí ọmọ, kí ni a ó sọ nípa wáàsí wa?

Ní ọjọ́ ọdún, àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọrin nínú ilé Ā'isha, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo. Abū Bakr wọlé, ó bá wọn wí. Ànábì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí gbogbo ìjọ ni ó ní ọjọ́ ọdún tirẹ̀, ọjọ́ yìí sì ni ọdún tiwa. Ní ọjọ́ ọdún bákan náà, àwọn ará Hábáṣà ń fi ọ̀kọ̀ àti asà ṣeré nínú mọ́sáláṣí, Ànábì sì dúró kí Ā'isha lè máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé ojú dídì ni ẹ̀sìn, àti pé ọmọ tí ó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọdún ń dẹ́ṣẹ̀, kí ó lọ wo ilé Ànábì dáadáa.

Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni ohun tí Rubayyi‘, ọmọ Mu‘awwidh (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ. Ó ní nígbà tí àwọn ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Āṣūrā, àwọn máa ń mú àwọn ọmọ àwọn gbà á pẹ̀lú. Àwọn á fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọmọ kan bá sunkún nítorí oúnjẹ, àwọn á fún un ní ohun ìṣeré náà títí àsìkò ìṣínu yóò fi tó. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Àwọn obìnrin Mẹ̀dínà kò ní owó púpọ̀. Irun àgùntàn ni wọ́n ní, òun náà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ọmọ yóò sunkún, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀ kí ẹkún náà tó dé. Wọn kò fi igbe dá a lẹ́kun, wọn kò sì fi í sílẹ̀ lórúkọ pé ìjọsìn ni àwọn ń ṣe. Ìpèsè náà gan-an di ara ìjọsìn wọn.

Báwo ni àwa náà yóò ṣe pèsè sílẹ̀ kí Ìléyá tó dé?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yan olùtọ́jú ọmọ. Níbi ìpàdé ẹbí tí ẹ ti ń sọ pé ẹni báyìí ni yóò dáná, ẹni báyìí ni yóò gba àlejò, kí ẹ dárúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò ju àwọn ọmọ lọ. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ẹbí mọ̀, tí ìwà wọn kò sì fura. Kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n sì lè kírun. Kí ẹ gbé oúnjẹ tiwọn pamọ́ fún wọn. Kí wọ́n ka àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n sì tún kà wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ. Kí eré wà ní gbangba, níbi tí ojú ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọmọ ọlọ́mọ wọ yàrá tàbí mú un jáde lójúde láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa wá lẹ́nu mọ́ lórí èyí. Gbogbo ẹni tí ó ń fún ọmọ ní súìtì kọ́ ni ó fẹ́ràn ọmọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá ibi ìṣeré fún wọn. Kí ó wà lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ kánópì, kí ó jìnnà sí ìkòkò epo gbígbóná, sí jẹnẹrétọ̀, sí ojú títì, àti sí àgbò tí a so mọ́lẹ̀. Kí a bo kànga kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé. Ọmọ tí ó ń gbé inú ilé mọ ibi tí kànga wà. Ọmọ àlejò kò mọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ ṣáájú. Níbi ìnáwó wa, ìkẹyìn ni à ń rántí wọn, nígbà tí ó bá ku ẹ̀yìn ìkòkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá mú èso àkọ́so wá fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ó ṣe àdúà sí i tán, ọmọ tí ó kéré jù níbẹ̀ ni ó máa ń fún. Wọ́n gbé ohun mímu fún un rí, ọmọ kékeré kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwọn àgbà wà lọ́wọ́ òsì. Ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà bóyá yóò jẹ́ kí òun fún àwọn àgbà ṣáájú. Ọmọ náà ní òun kò lè fi ìpín òun láti ọwọ́ Ànábì fún ẹnikẹ́ni. Ànábì sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọdé ní ìpín, Ànábì kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwọn tí à ń ṣe wòlímà fún pẹ̀lú. A ó wọ aṣọ funfun fún wọn láti òwúrọ̀, a ó tò wọ́n sínú oòrùn, a ó sì máa pe olórí ìnáwó kan lẹ́yìn èkejì títí di ọ̀sán. Ọmọ tí ó yẹ kí ó fi ayọ̀ ka Alukuráánì a máa kà á pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ. Nígbà tí ó bá dàgbà, ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò máa rántí nípa ọjọ́ náà ni oòrùn.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ fún wọn ní ohun tí wọn yóò máa ṣe. A kò ní kí ẹ lọ yá ilé aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀ láti Èkó. Irun àgùntàn tiwa wà nílé. Ayò wà, òkòtó wà, bojúbojú wà, ẹkùn mẹ́ran wà, súwè àti ten-ten wà. Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó jó mọ́, tí a gbé jókòó sí igun ilé láti àárọ̀, mọ àlọ́ tí ó tó odindi ọjọ́ kan. Ẹ tẹ́ ẹní sí iwájú rẹ̀, kí ẹ kó àwọn ọmọ jókòó tì í. Inú tirẹ̀ náà yóò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n jáde ní ilé kéwú lè sọ ìtàn ọkọ̀ Ànábì Nūhu, ẹja Ànábì Yūnusà, àti èèrà tí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí Ànábì Sulaimọ́nù ń kọjá. Kí ẹni tí ó bá ka súrà kúkúrú gba bisikíìtì, kí ẹni tí kò sì rántí gba tirẹ̀ pẹ̀lú, kí Alukuráánì má baà di ohun ìtìjú fún un. Ọmọ tí ó ti Pọ́bẹ̀ wá lè kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì ní èdè Faransé, kí àwọn náà sì kọ́ ọ ní eré tí kò mọ̀. Báyìí ni ẹbí ṣe ń mọ ara wọn. Bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ ara wọn níbi ìnáwó, níbo ni wọn yóò ti mọ ara wọn lẹ́yìn ikú wa?

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ fún àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ ní iṣẹ́. Kí wọ́n gbé omi fún àlejò, kí wọ́n to bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n júwe ibi ìṣàlùwàlá. Anas wà ní ọmọ bí ọdún mẹ́wàá nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí sin Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sì jẹ́rìí pé kò pòṣé sí òun rí. Ọmọ tí a fún ní iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere yóò ka ìnáwó náà sí ìnáwó tirẹ̀.

Ní tiwa, a ti ṣe ìpinnu kan, a sì fi ẹ̀yin ìjọ ṣe ẹlẹ́rìí. Láti òní lọ, ibikíbi tí a bá ti pè wá, kí a tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a ó bèèrè pé: àwọn ọmọ ńkọ́? Bí ariwo wọn bá sì pọ̀ jù, wáàsí wa ni a ó gé kúrú.

Èyí ni a ní láti sọ. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KUTUBÁ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá ẹni tí a rán níṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àánú fún gbogbo ẹ̀dá.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ó lè jẹ́ pé ọkàn ẹnìkan ṣì ń sọ pé à ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú. Ẹ rántí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní agbègbè Bàṣọ̀run, wọ́n pe àwọn ọmọdé wá síbi àríyá tí wọ́n ṣètò fún wọn. Èrò pọ̀, wọ́n há, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọmọ 35 ni ó kú. Àríyá ni wọ́n bá lọ. Àwọn òbí wọn wọ aṣọ fún wọn lówùúrọ̀ pé kí wọ́n lọ yọ̀, gẹ́gẹ́ bí Yaakub ti jẹ́ kí Yúsúfù lọ ṣeré. Yaakub tún fojú rí Yúsúfù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn 35 yìí kò ní padà bọ̀ títí di Ọjọ́ Àjíǹde. Kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí al-jánnà, kí Ó sì rọ àwọn òbí wọn lọ́kàn.

A kò mẹ́nu bà á láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. A mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn olówó inú wa, àwọn ẹgbẹ́ wa, àti àwa fúnra wa ní mọ́sáláṣí, a máa ń fẹ́ ṣe ohun rere fún ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Ó dára, ẹ̀san sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rere nìkan kì í ṣílẹ̀kùn ní àsìkò tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pín ẹ̀bùn fún ọmọdé, kí ó kọ́kọ́ mọ iye ọmọ tí ó pè, kí ó mọ iye tí àyè rẹ̀ gbà, kí ó sì ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde ju ẹyọ kan lọ. Kí ó gbé ẹ̀bùn lọ bá àwọn ọmọ ní ilé kéwú wọn àti ní àdúgbò wọn, ju kí ó kó gbogbo wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà kan lọ. Bí a bá ń bi ara wa léèrè pé ta ni ó ń ṣọ́ ọmọ méjìlá lágbàlá, mélòómélòó ni ọmọ ẹgbẹ̀rún?

Ohun méjì ni ó kù tí a ó fi kádìí rẹ̀. Èkíní ni owó tí a ń ná lórí ijó. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 kò fàyè gba fífi owó náírà lẹ̀ mọ́ni lórí àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi àríyá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé àwọn ọmọ wa ni à ń rán lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn oníjó láti ṣa owó náà. Wọ́n ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àwọn náà sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan: pé ilẹ̀ ni owó ti ń wá, níbi tí àgbà bá ti ń jó. Orin tí a kò lè túmọ̀ fún ọmọ ọdún méje, kí a má ṣe máa lù ú sí etí rẹ̀, kí a má sì máa pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bá ń jó o.

Èkejì ni òru. Ànábì pa á láṣẹ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí a kó àwọn ọmọ wa wọlé. Ìnáwó àgbà lè rékọjá ìṣáájú òru, ṣùgbọ́n ti ọmọdé gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú oòrùn. Kí ẹni tí yóò kó wọn padà sílé jẹ́ ẹni tí a yàn ní ọ̀sán, kí a má ṣe fi ọmọ mẹ́rin lé ọlọ́kadà kan tí a kò mọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, ní Súrà At-Tahrīm, ẹsẹ̀ 6, Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa pé kí a dáàbò bo ara wa àti àwọn ará ilé wa kúrò níbi iná. Ẹni tí kò bá lè dáàbò bo ọmọ rẹ̀ kúrò níbi iná ìdáná lágbàlá, báwo ni yóò ṣe dáàbò bò ó kúrò níbi iná ọ̀run? Bí ẹ bá dé ilé lónìí, kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ àgbò kalẹ̀, ẹ dárúkọ ẹni tí yóò ṣọ́ àwọn ọmọ.

Ọlọ́hun Ọba wa, ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi tí ojú wa kò tó. Jẹ́ kí Ìléyá bá wa láyọ̀, kí ó sì fi wá sílẹ̀ láyọ̀. Kó àwọn ẹbí wa tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn dé láìfarapa, kí O sì kó wọn padà láìsí àdánù. Fún ẹni tí ó ń wá ọmọ ní ọmọ rere. Tu ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú nínú. San ẹ̀san rere fún ìyá àgbàlagbà tí ó sọ ẹrù igi rẹ̀ kalẹ̀ nítorí ọmọ tí kò mọ̀. Dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a lé ọmọ kúrò níbi tí Ànábì Rẹ ìbá ti gbé e mọ́ra. Jẹ́ kí wọ́n dàgbà sínú ẹ̀sìn Rẹ pẹ̀lú ìfẹ́, kí wọ́n sì ṣe àdúà fún wa nígbà tí a bá wà nínú sàréè. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ to sàfù yín. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.